Ọmọ tí kò ṣe àmín, ọmọ wa ni

Nígbà tí ilé ìwé fẹ́ wọlé, bàbá kan ní agbègbè Kétu kó àwọn ọmọ rẹ̀ jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀ kùtù, ó ń ṣàdúrà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan àkọ́bí rẹ̀, ọmọ ọdún 19 tí yóò ṣe ìdánwò BAC lọ́dún yìí, gbogbo ilé ṣe àmín, àfi ọmọ náà fúnra rẹ̀. Bàbá tún àdúrà náà ṣe. Ọmọ dákẹ́. Bàbá bi í pé kí ló dé. Ó ní: "Bàbá, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ bóyá ẹnì kankan wà tó ń gbọ́ wa."

Láti àárọ̀ ọjọ́ náà ni ọmọ ò ti sùn nílé bàbá rẹ̀ mọ́. Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń tún alùpùpù ṣe ló ń sùn. Bàbá ní òun ò ní san kọ́bọ̀ lórí ìwé rẹ̀ mọ́. Ìyá rẹ̀, tó ń ta gàrí àti ata lọ́jà, ló ń yọ díẹ̀díẹ̀ nínú èrè rẹ̀ fún un, láìjẹ́ kí ọkọ rẹ̀ mọ̀. A ò ní dárúkọ wọn, a ò sì ní dárúkọ ìlú wọn, torí pé ọ̀rọ̀ ilé ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé kan ṣoṣo ni irú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ tiwa lórí rẹ̀.

Ẹni tó bá dúró díẹ̀ níbi tí àwọn oní-zẹ́mìjáǹ ti ń retí èrò ní Àjàṣẹ́, tàbí lẹ́nu ọ̀nà lísè ní Pọ́bẹ̀, tàbí ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́, yóò gbọ́ àríyànjiyàn náà. Lálẹ́, wọ́n á tún gbé e lọ sórí WhatsApp. Ṣé Ọlọ́run wà? Bó bá wà, kí ló dé tí ọmọ ọwọ́ ń kú ikú ibà? Nínú ẹ̀sìn mẹ́ta tí ilé kan ṣoṣo ń ṣe, èwo ni òtítọ́? Ṣé ẹni tí kò ṣe ìkankan nínú wọn lè jẹ́ ọmọlúàbí? Àwọn ọ̀dọ́ ló ń bi ara wọn bẹ́ẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin, akẹ́kọ̀ọ́ àti ọmọ iṣẹ́.

Àwọn àgbà kan rò pé ẹgbẹ́ kan náà ni gbogbo wọn, pé "aláìgbàgbọ́" ni orúkọ wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan sọ pé Ọlọ́run ò sí rárá, pé ènìyàn ló fi ẹnu ara rẹ̀ dá a. Àwọn kan ò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀, pé kò sì sí ẹni tó lè mọ̀ dájú, ì báà ṣe imáàmù, ì báà ṣe pásítọ̀, ì báà ṣe babaláwo. Àwọn kẹta gbà pé Ẹlẹ́dàá wà, torí pé ayé yìí ò lè ṣàdéédéé wà, ṣùgbọ́n wọ́n ní Ẹlẹ́dàá náà ò kọ ìwé, kò rán wòlíì, kì í sì í dá sí ọ̀rọ̀ ọjà tàbí ìdánwò ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ti kọ́ filosofí ní lísè mọ orúkọ tí àwọn Faransé ń pè wọ́n: athée, agnostique, déiste. Ọmọ tí a sọ ìtàn rẹ̀ yìí, àárín ló wà. Kò sọ pé Ọlọ́run ò sí. Ó ní òun ò mọ̀ ni.

Ohun tí àwa ń sọ kò ju ọ̀kan lọ: ìbéèrè nípa Ọlọ́run kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tí a fi ń lé ọmọ jáde nílé, kì í sì í ṣe ìdí tí a fi ń gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ. Agbo ilé tó ti gba mùsùlùmí, onígbàgbọ́ àti abọ̀rìṣà sábẹ́ òrùlé kan lè gba ẹni kẹrin tó ní òun ò tíì mọ̀.

Ẹ wo agbo ilé wa náà. Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Ìdáàṣà, ní Àjàṣẹ́, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ rí agbo ilé ńlá kan tí gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ ń ṣe ẹ̀sìn kan. Nílé ọmọ yìí, bàbá ń kírun, ìyá wá láti ilé oní-Sẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá sì ń bọ Ògún lẹ́yìnkùlé. Bí iléyá bá dé, gbogbo wọn á jẹ ẹran. Bí Kérésìmesì bá dé, gbogbo wọn á jẹ ìrẹsì. Bí ọdún Ògún bá dé, wọ́n á kí ara wọn kú ọdún. Kò sí èyí tó ń sọ pé ẹ̀sìn kan náà ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ohun tí ẹnì kan ń pè ní òtítọ́, ẹlòmíràn nínú ilé ń pè é ní àṣìṣe. Síbẹ̀ wọ́n jọ ń jẹ, wọ́n jọ ń sin òkú, wọ́n jọ ń sọmọ lórúkọ.

A mọ ohun tí bàbá yẹn lè fi dá wa lóhùn. Yóò ní ẹ̀gbọ́n òun tó ń bọ Ògún ṣì gbà pé ẹnì kan wà lókè, pé ti ọmọ òun kọjá ìyẹn. Òótọ́ ni, a ò sì fojú kéré rẹ̀. Ìyàtọ̀ wà láàrin ẹni tó ń gba ọ̀nà mìíràn lọ sí ìlú kan àti ẹni tó ń béèrè bóyá ìlú náà wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń béèrè ò tíì lọ. Àwọn àgbà ló sọ pé ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ọmọ tó bá fẹ́ tan bàbá rẹ̀ ì bá ti fẹnu ṣe àmín, kó sì máa ṣe tirẹ̀ lẹ́yìn. Eléyìí sọ òótọ́ inú rẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó sì fi "ẹ má bínú" ṣáájú. Ìwà yẹn, ilé náà ló ti kọ́ ọ.

Àwọn kan ń sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni gbogbo èyí, pé fóònù ló kó o wọlé fún wa. Fóònù ń kó nǹkan wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè yìí ti pẹ́ nílẹ̀ yìí ju fóònù lọ. Àgbàlagbà wo ni kò mọ̀ pé Ògún ní ojúbọ, Ṣàngó ní ojúbọ, ṣùgbọ́n tí a kì í rí ojúbọ Olódùmarè? Àwọn òrìṣà là ń rán sí i. Ọ̀dọ́ tó bá ní Ẹlẹ́dàá jìnnà sí wa kò tíì sọ ohun tí baba ńlá wa ò gbọ́ rí. Ibi tó ti yàtọ̀ ni pé ó ní kò sí ońṣẹ́ láàrin. Àwọn baba ńlá kan náà ló ń pe ọ̀run ní àrèmabọ̀, ibi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í padà wá ròyìn.

Kétu tí a ń sọ yìí náà ni ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí àjọ UNESCO kọ mọ́ ogún gbogbo ayé ní 2001. Lálẹ́ Ẹ̀fẹ̀, akọrin tó gbé agọ̀ máa ń sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò jẹ́ sọ lójú ọ̀sán. Á bú ọlọ́jà tó ń rẹ́ni jẹ, á bá olóyè wí, á sọ̀rọ̀ sí àgbà tó ń hùwà èwe. Ìlú á rẹ́rìn-ín, ìlú á sì gbẹ̀kọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a kì í mú akọrin. Ìlú tó ya òru kan sọ́tọ̀ kí ẹnu lè sọ òótọ́, ìlú náà kò yẹ kó máa bẹ̀rù ẹnu ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀sìn tí a ń pè ní ti ìbílẹ̀ pàápàá, kì í ṣe ọjọ́ kan ni gbogbo rẹ̀ dé. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ayé la bá Ifá, ayé la bá ìmàle, ọ̀sán gangan ni ìgbàgbọ́ wọlé dé. Ní Àjàṣẹ́, mọ́ṣáláṣí ńlá àtijọ́ tó wà nítòsí ọjà, ìdílé àwọn tó ti oko ẹrú Bùràsíìlì padà bọ̀ ló kọ́ ọ, ojú rẹ̀ sì jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n rí lọ́hùn-ún. Ní Àjàṣẹ́ kan náà ni káfíńtà kan tó ń jẹ́ Samuel Bilehou Joseph Oshoffa ti dá Ìjọ Sẹ̀lẹ́ sílẹ̀ ní 1947. Ṣáájú ọdún yẹn, kò sí ẹnikẹ́ni láyé tó wọ aṣọ funfun Sẹ̀lẹ́ rí. Lónìí ó kún gbogbo etí òkun, ó dé Èkó, ó dé Lọ́ńdọ̀nù. Ìgbàgbọ́ ilé wa ti yí padà lójú àwọn bàbá wa àgbà, ilé kò sì tìtorí rẹ̀ wó.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ṣe òótọ́ pé ọkàn kan ni gbogbo ará Áfíríkà fi ń ronú. Ọmọ Bẹ̀nẹ̀ kan, ọ̀jọ̀gbọ́n Paulin Hountondji, tó kú ní oṣù Kejì 2024, fi ọ̀pọ̀ ọdún rẹ̀ tako èrò yẹn. Láti àwọn ọdún 1970 ló ti ń kọ̀wé pé àwọn òyìnbó tó wá kọ ìwé nípa wa ló fẹ́ràn láti máa sọ pé ohun kan náà ni gbogbo abúlé gbà gbọ́, bí ẹni pé a ò ní orí tí a fi ń jiyàn láàrin ara wa. Lójú tirẹ̀, iyàn jíjà ni ìmọ̀ fi ń dàgbà. Ẹni tó ní ọmọ Yorùbá ò gbọdọ̀ ṣiyèméjì, ó ń gbe àwọn òyìnbó yẹn lẹ́sẹ̀ láìmọ̀.

Ìjọba náà ti kà wọ́n. Nínú ètò ìkànìyàn tí wọ́n ṣe ní Bẹ̀nẹ̀ ní 2013, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, 27.7 ni mùsùlùmí, 25.5 ni Kátólíìkì, 11.6 ń sin Vodun, 6.7 ń ṣe Sẹ̀lẹ́. Àwọn tó ní àwọn ò ní ẹ̀sìn kankan jẹ́ 5.8. Kì í ṣe gbogbo àwọn yẹn ló ń sọ pé Ọlọ́run ò sí. Ẹlòmíràn kàn jìnnà sí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì ni. Síbẹ̀, iye wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti Sẹ̀lẹ́. Ẹni tó bá ní irú wọn ò sí láàrin wa, kó wo ọjà rẹ̀ dáadáa. Nínú ogún oníbàárà tó rajà lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀, ẹnì kan lè wà níbẹ̀.

Ìwé òfin ìpìlẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ti 11 oṣù Kejìlá 1990, sọ ọ́ ní abala kejì pé ìjọba wa kò ní ẹ̀sìn tirẹ̀. Abala 23 fún olúkúlùkù ní òmìnira èrò, ẹ̀rí ọkàn, ẹ̀sìn àti ọ̀rọ̀ sísọ, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti da ìlú rú. Abala yìí kan náà ló ń dáàbò bo ẹni tó ń bọ Ògún, ẹni tó ń kírun, ẹni tó ń jó nínú Sẹ̀lẹ́. Bí a bá gé e kúrú nítorí ọmọ tí kò ṣe àmín, a ti gé tiwa náà kúrú. Tógò náà pe ara rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè tí kò ní ẹ̀sìn ìjọba. Ní ti àwọn tí kò tíì pé ọdún 18, ìwé àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, tí Bẹ̀nẹ̀ fọwọ́ sí ní 1990, sọ ní abala 14 pé ọmọ ní òmìnira èrò àti ẹ̀sìn, pé òbí sì ní ẹ̀tọ́ láti tọ́ ọ sọ́nà bí òye rẹ̀ ṣe ń dàgbà. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa o: títọ́ sọ́nà ni wọ́n fún òbí.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ń kọjá ààlà lọ rajà ní Nàìjíríà, ẹ sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí lè dé bí ìlú ò bá ṣọ́ra. Ní oṣù Kẹrin 2020, wọ́n mú Mubarak Bala, olórí ẹgbẹ́ àwọn tí kò ṣe ẹ̀sìn lọ́hùn-ún, nítorí ohun tó kọ sórí Facebook. Ní oṣù Kẹrin 2022, ilé ẹjọ́ kan ní Kano sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 24. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dín in kù sí ọdún márùn-ún ní 2024, ó sì jáde ní oṣù Kìn-ín-ní 2025. Ní Sokoto, ní oṣù Karùn-ún 2022, àwọn èrò pa akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan, Deborah Samuel, nítorí ọ̀rọ̀ tó sọ sí WhatsApp kíláàsì wọn. Ọmọ yẹn kì í ṣe aláìnígbàgbọ́, Kìrìsìtẹ́nì ni. Ìyẹn fi hàn pé bí a bá ti gbà kí wọ́n máa fi ìyà jẹ ènìyàn nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tí yóò kàn. Àwa ò fẹ́ irú rẹ̀ ní Kétu.

Ṣùgbọ́n a ní láti sọ òdì kejì rẹ̀ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ náà, ẹ̀yin tó ń sọ pé ì bá dára bí ìjọba bá lè ti gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí pa. Ẹ bi àwọn òbí yín léèrè. Wọ́n ti dán nǹkan tó jọ ọ́ wò nílẹ̀ yìí. Ní 30 oṣù Kọkànlá 1974, ààrẹ Mathieu Kérékou kéde ní Abomey pé ọ̀nà Marx àti Lenin ni ìjọba yóò máa tọ̀. Wọ́n gba ilé ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Wọ́n ń lépa àwọn àgbà àbáláyé, wọ́n ń pè wọ́n ní àjẹ́ àti ọ̀tá ìlọsíwájú. Kí ló gbẹ̀yìn rẹ̀? Ní oṣù Kejìlá 1989, ìjọba náà fúnra rẹ̀ kọ Marx sílẹ̀. Nígbà tí ìlú péjọ ní oṣù Kejì 1990 láti wá ọ̀nà àbáyọ, bíṣọ́ọ̀bù kan, Isidore de Souza, ni wọ́n fi ṣe alága ìpàdé. Kérékou di Kìrìsìtẹ́nì àtúnbí. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ yìí ya 10 oṣù Kìn-ín-ní sọ́tọ̀ fún ọdún àwọn ẹlẹ́sìn àbáláyé. Ipá ò lè yọ ìgbàgbọ́ lọ́kàn ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ipá ò lè fi í síbẹ̀. Bàbá tó lé ọmọ jáde kí ó lè gbàgbọ́, ohun tí ìjọba yẹn ṣe lóun náà ń ṣe, láti ìhà kejì.

Ìbẹ̀rù tó wà lọ́kàn àwọn òbí kò ṣàì yé wa. Èyí tó tóbi jù ni pé, "Ọmọ tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run, kí ni yóò bẹ̀rù?" Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ọjà dáhùn. Ẹ̀yin ìyá wa mọ abọ́ tí wọ́n fi ń wọn gàrí. Ẹ mọ àwọn tó ń tẹ ìdí abọ́ wọlé kí gàrí má baà kún un. Ṣé àwọn yẹn kì í ṣe àmín ni? Ìwà lẹ̀sìn, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ní òdì kejì ààlà, ní Ìkẹ́nnẹ́, Tai Solarin dá ilé ìwé Mayflower sílẹ̀ ní 1956. Ní gbangba ló ń sọ pé òun ò gbà pé Ọlọ́run wà, títí ó fi kú ní 1994. Síbẹ̀ mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ń kó ọmọ wọn lọ bá a, torí wọ́n mọ̀ pé yóò kọ́ wọn ní ìwé, yóò kọ́ wọn ní iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ọwọ́, yóò sì kọ́ wọn pé kí wọ́n má ṣe olè. A ò sọ pé gbogbo aláìlẹ́sìn ló rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ẹ fi ìwà wọn ọmọ yín, ẹ má fi àmín nìkan wọ̀n ọ́n.

Ìbẹ̀rù kejì ni ti ọjọ́ ikú. "Ta ni yóò sin mí? Ta ni yóò ṣe sàráà fún mi?" Ìbẹ̀rù yìí jinlẹ̀, kò sì yẹ kí ọ̀dọ́ kankan fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ọmọ tí ẹ lé jáde lónìí, níbo ni yóò wà lọ́jọ́ náà?

Ẹ̀yin imáàmù, pásítọ̀, wòlíì àti babaláwo, ọ̀rọ̀ kàn yín ju ẹnikẹ́ni lọ. A bi àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan léèrè ibi tí iyèméjì wọn ti bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀ ló dárúkọ ìwé. Ẹnì kan sọ fún wa pé ibà ń ṣe àbúrò òun, ilé àdúrà ni wọ́n gbé e lọ fún ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn. Ó ti pẹ́ jù. Ẹnì kan ní owó tí ìyá òun fẹ́ fi ra ajílẹ̀ ló fi san ẹ̀jẹ́, oko ọdún náà ò sì jẹ́ nǹkan kan. Ẹnì kan ní òun béèrè ọ̀rọ̀ kan níbi ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, pàṣán ni wọ́n fi dá òun lóhùn. Kì í ṣe òyìnbó ló gbé irú ọ̀dọ́ yìí kúrò lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá gbà pé òtítọ́ wà lọ́wọ́ yín, ẹ jókòó pẹ̀lú wọn, ẹ dáhùn ìbéèrè wọn, ibi tí ẹ ò bá sì ti mọ̀, ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀. Ẹ tún sọ ọ́ látorí pẹpẹ àti mínńbárì pé ilé ìwòsàn ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná lọ, kí àdúrà tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin òbí, ohun mẹ́ta la bẹ̀ yín fún. Ẹ má fi owó ilé ìwé jà. Ọmọ tí a ò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, ì báà ṣe àmín, ì báà má ṣe é. Ẹ má gbé ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti ń dè é mọ́lẹ̀ tàbí tí wọ́n ti ń fi ebi pa á nítorí pé ó ronú. Ẹ má sì jẹ́ kí àwo oúnjẹ rẹ̀ di òfìfo. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ẹ bá a jiyàn bó bá wù yín. Ẹ sọ fún un pé ó ṣìnà bí ẹ bá rò bẹ́ẹ̀. Ẹ máa gbàdúrà fún un, kò sí òfin tó ní kí ẹ má ṣe é. Ṣùgbọ́n nínú ilé ni kí gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa, ohun mẹ́ta náà la ní fún yín. Ẹ má fi ohun tí ìyá yín kà sí mímọ́ ṣe ẹ̀fẹ̀ lórí fóònù. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n gba òun láyè, òun náà gbọ́dọ̀ gba ẹlòmíràn láyè. Bí ìyàwó bá dé, bí òkú bá kú, ẹ wà níbẹ̀: ẹ to àga, ẹ pọnmi, ẹ gbé pósí. Iyèméjì ò gba iṣẹ́ ilé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ sì rántí pé ẹ̀yin náà lè ṣìnà. Ẹni tó ti mọ gbogbo nǹkan tán ní ọdún 19, kò yàtọ̀ sí wòlíì tó ń bú.

Ní ti àmín fúnra rẹ̀, a ò ní kí ẹnikẹ́ni purọ́. Ṣùgbọ́n àdúrà òbí kì í ṣe ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn nìkan. Bí bàbá bá ní kí ọmọ òun yege, kó má rí ìjàǹbá lójú ọ̀nà, ìfẹ́ tó wà lọ́kàn rẹ̀ ló ń sọ jáde. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ ò bá lè ṣe àmín lè sọ pé, "Ẹ ṣeun, Bàbá." Òótọ́ ni, ọ̀wọ̀ sì ni. Bàbá tó bá gbọ́ ọ, kó gbà á bí ẹni gba àmín.

A bá ìyá ọmọ náà sọ̀rọ̀ nídìí igbá rẹ̀ lọ́jà. Ó ní òun ò mọ ìwé tí ọmọ òun kà, òun ò sì lè bá a jiyàn. Ó ní lálaalẹ́, bí òun bá ti gbàdúrà tán, àmín méjì lòun ń ṣe: ọ̀kan fún òun, ọ̀kan fún ọmọ òun. Lẹ́yìn náà ló ka owó tó kó jọ sínú ọ̀rá dúdú kan, ó tún un kà, kò tíì pé.

Bàbá náà ti gbàdúrà pé kí ọmọ òun yege. Apá kan nínú àdúrà yẹn wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀. Kó ṣí ilẹ̀kùn fún un, kó sì san owó ìwé náà.